Àárọ̀ Tí Pépà Di Búlúù

Mo rántí ìgbà tí èèyàn kò lè wọ ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó kí imú rẹ̀ má kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ìyá mi ń ṣe. Gààrí ni wọ́n ń ṣe. Ẹ̀gẹ́ tí a ti rin máa ń wà nínú àpò lẹ́yìnkùlé fún ọjọ́ mẹ́rin, nígbà mìíràn márùn-ún, omi rẹ̀ á máa kán sílẹ̀ tó, tó, tó, òórùn kíkan rẹ̀ á sì wọ aṣọ ẹni títí kan irun orí. Àwọn aláìnísùúrù máa ń fi jáàkì tẹ tiwọn lọ́jọ́ kejì, wọ́n á yan án, wọ́n á sì fẹnu ara wọn ní gààrí Ìjẹ̀bú nìyẹn. Màámi á kàn yọ ṣùtì. Wọ́n ní gààrí tí kò bá mú èèyàn ṣẹ́jú nígbà tó bá kàn án lẹ́nu, lẹ́búlẹ́bú lásán ni.

Èmi nìkan ni wọ́n bí. Bàbá mi ti kú kí n tó jáde ìwé mẹ́fà, gààrí yẹn ló sì gbé mi dé yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí mo ti ń kọ́ nípa kẹ́mísìrì inú ara èèyàn. Nígbàkúùgbà tí mo bá fẹ́ padà síléèwé, Màámi á ti di àpò gààrí kan fún mi lọ́tọ̀, èyí tó kan jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n yan. Wọ́n á fi àkísà àńkárá pupa so ọrùn rẹ̀. Kókó wọn kò jọ ti ẹnikẹ́ni: wọ́n á ta á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á wá ki etí rẹ̀ bọ abẹ́, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè tú u kí ó tún un so kí wọ́n má mọ̀. Mo máa ń ráhùn pé ó ń ṣẹ́ mi léèékánná. Wọ́n á ní, “Ẹni tí ebi bá ń pa yóò tú u.”

Mo wà lọ́dún kẹta, mo wà nílé fún ìsinmi gígùn, nígbà tí ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú. A kọ́kọ́ rò pé ìdúró ìdí agbada tí wọ́n fi ń yan gààrí ni. Nígbà tí ojú náà wá ń wú láàárọ̀, mo mú wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kíndìnrín Màámi méjèèjì ti ń rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní kò tíì bàjẹ́ tán, tí a bá ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó ṣì lè pẹ́ díẹ̀. Ó kọ oògùn fún wa, ó ní kí a máa wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ó ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù, kí wọ́n má fọwọ́ kan káún, kí wọ́n sì yàgò fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọsàn àti omi àgbọn. Kò dárúkọ gààrí rárá. Màámi tilẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí a ń bọ̀, wọ́n ní, “Alihamudulilahi, kò gba ife gààrí lọ́wọ́ mi.”

Èmi ni mo gbà á.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ sí gbọ̀ngàn kan ní Òrù, níbi tí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù funfun ti ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí oúnjẹ alikaláìnì, èyí tí wọ́n ní ó ń pa ásíìdì inú ara. Ó ní ásíìdì ni ìyá gbogbo àìsàn. Ó ní ẹran, ẹja àti ohunkóhun tó bá kan, ásíìdì ni wọ́n ń dà sínú ẹ̀jẹ̀. Ewé tútù àti èso ló ń fọ̀ ọ́ kúrò, kò sì sí àrùn tó lè gbé inú ara tó bá ti di alikaláìnì. Ẹnì kan dìde bi í pé ọsàn wẹ́wẹ́ ńkọ́, ṣebí òun náà kan? Ó ní ìyẹn, tó bá ti wọnú tán, ó ń yí padà. A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Ohun tó ń dùn mí dé egungun ni pé mo mọ̀. Mo mọ̀! Ní sáà tó ṣáájú, olùkọ́ wa ti kọ́ wa pé ẹ̀jẹ̀ kì í jẹ́ kí oúnjẹ máa ti òun síbí sọ́hùn-ún. Èémí tí à ń mí àti kíndìnrín ló ń ṣọ́ ọ. Bí ó bá fẹ́ yẹ̀ díẹ̀, wọ́n á dá a padà sí àyè rẹ̀. Àti pé ohun tí ìtọ̀ bá fi hàn, ohun tí ara dà nù ni, kì í ṣe bí ẹ̀jẹ̀ ṣe rí. Mo kọ gbogbo rẹ̀ nínú ìdánwò, máàkì mi ló sì ga jù ní kíláàsì. Àmọ́ bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Dókítà ní ó ṣì lè pẹ́ díẹ̀. Ọkùnrin Òrù ní á lọ pátápátá. Ta ni yóò gbọ́ “á lọ” tí yóò máa tẹ̀lé “ó lè pẹ́”?

Bí mo ṣe délé, mo da ilé rú. Mo ní gààrí ti tán lẹ́nu wọn, ẹran ti tán, ẹja ti tán. Láàárọ̀, ewé ùgú tí mo lọ̀ pọ̀ mọ́ kùkúḿbà. Lọ́sàn-án, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Lálẹ́, omi àgbọn. Gbogbo ohun tí dókítà kọ̀ pátá! Mo ní ìwé àtijọ́ ni dókítà yẹn kà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé tó yẹ kí a lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, mo ní kí la fẹ́ lọ ṣe, ṣebí a ti ní pépà tiwa. Màámi wò mí, wọ́n ní, “Ìwọ lo kàwé, dókítà mi. Ohun tó o bá ní kí n jẹ ni n ó jẹ.” Ìyá tó ń fi imú mọ ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ kan dé ojú rẹ̀, wọ́n fi ahọ́n wọn lé mi lọ́wọ́.

Pépà náà ni lítímọ́ọ̀sì tí mo rà, tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, wọ́n á tọ̀ sínú ife kan fún mi, màá ti pépà bọ̀ ọ́. Tó bá pọ́n, ásíìdì ni; tó bá di búlúù, a ti ṣẹ́gun. Àràárọ̀ ló ń pọ́n. Ọ̀sẹ̀ kan, pupa. Ọ̀sẹ̀ kejì, pupa. Inú wá ń bí mi. Mo ronú títí, mo wá rí ìdáhùn tó bá òmùgọ̀ ọmọ tó mọ̀wé mu: wọ́n ń jí gààrí mu lẹ́yìn mi.

Mo sì sọ ọ́ sí wọn lójú. Mo ní, “Màámi, ẹ ń jẹ gààrí.”

Wọ́n ní, “Mi ò jẹ gààrí.”

“Pépà kì í purọ́, Màámi.”

“Wàláhì, mi ò fẹnu kàn án. Ṣé èmi náà ń purọ́ ni?”

Mi ò dáhùn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àmọ́ àìdáhùn mi ọjọ́ yẹn burú ju ọ̀rọ̀ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, mo wọ yàrá wọn, mo tú abẹ́ ibùsùn, mo tú ẹ̀yìn àpótí. Mo rí àpò gààrí kan lóòótọ́, tí wọ́n fi aṣọ bò ní igun yàrá, àkísà àńkárá pupa lọ́rùn rẹ̀. Mo ní, “Kí ni mo sọ!” Mi ò wo kókó rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi kókó ṣe, ẹni tó ní ẹ̀rí lọ́wọ́? Màámi fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ti jáde.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi káún sí omi tí wọ́n ń mu. Èrò orí mi ni, kì í ṣe ti ọkùnrin Òrù. Mo ti fi pépà dán káún wò ní ilé ìdáná, ó di búlúù lójú ẹsẹ̀, mo sì pariwo pé ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Àbúrò Màámi ọkùnrin, tó ń pẹja ní Mákún-Omi, ló ń kó àgbọn wá fún wa, nítorí mo ti ránṣẹ́ sí i pé àgbọn ló máa wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sàn. Ó dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú àgbọn àti ẹja yíyan tó fi ewé wé. Mo ní kó máa gbé ẹja rẹ̀ padà. Ó wo ẹsẹ̀ Màámi tó ti wú bí ìrókò kékeré, ó wò mí.

Ó ní, “Ṣé dókítà ló ní kí wọ́n máa mu gbogbo èyí?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé fún un. Apẹja tó gbé mi jó ní ìkókó, èmi ń fi gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò lọ́rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gbé ẹja rẹ̀, ó lọ.

Àìlágbára wá wọ̀ wọ́n lára. Ọwọ́ wọn kò lè fún aṣọ mọ́. Oúnjẹ ń rìn wọ́n, àyà wọn ń já lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lójijì. Nínú ẹgbẹ́ wọ́sáàpù tí mo wà, wọ́n ní ìdọ̀tí ló ń jáde lára, kí n má ṣe jáwọ́. Mi ò jáwọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màámi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo agbada wọn tó ti ń dípẹtà, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ẹnu mi ń korò. Jọ̀ọ́, rẹ ẹ̀kúnwọ́ gààrí kan fún mi nínú omi tútù. Kí n kàn fi tọ́ ẹnu wò, màá tu ú dànù.”

Mo ní, “Màámi, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀.”

Wọ́n ní kò burú. Wọn kò tún béèrè mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta sí i, wọn kò lè dìde kírun. Wọ́n fi ìjókòó kí i. Mo gba ife lọ́wọ́ wọn, mo ti pépà bọ̀ ọ́, mo fà á yọ: búlúù! Búlúù tó mọ́ kedere. Háà, inú mi dùn! Mo sáré wọ yàrá, mò ń fò sókè, mo ní, “Màámi, ó ti di búlúù, a ti borí!” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ṣé o wá gbà pé mi ò jẹ gààrí?” Mo ní mo gbà, mo gbà. Ẹnu lásán ni mo fi gbà á. Nínú ọkàn mi, mo ní káún ló ṣẹ́gun gààrí tí wọ́n ń jí mu. Kí n tó da omi àgbọn sínú ife, orí wọn ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ọsibítù la sáré gbé wọn lọ. Dókítà olóhùn tútù yẹn náà la bá. Ó bi mí pé kí ni wọ́n ń jẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka á: ùgú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, omi àgbọn, káún. Bí mo ṣe ń ka á ni ohùn mi ń lọ sílẹ̀. Ó ní ohun tó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbọn, kíndìnrín tó le ló ń tú u dànù. Ti Màámi kò lè ṣe é mọ́, ó wá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn títí ó fi ń dá ọkàn wọn dúró. Mo na pépà sí i. Mo ní, “Àmọ́ ó di búlúù.” Kò gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Káún tó o fi sómi ni pépà rẹ ń rí.” Wọ́n ti kú kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, a sì sin wọ́n lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, èmi àti Apẹja jọ palẹ̀ yàrá mọ́. Òun ló fa àpò gààrí yẹn síta. Ó ní, “Tìẹ nìyí. Ọjọ́ tí mo kó àgbọn wá, mo ní kí n bu díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n gba ọwọ́ mi kúrò. Wọ́n ní wọ́n ti dì í dè ọ́ kí àìsàn tó dá wọn dúró, ọjọ́ tó o bá ń padà síléèwé lo máa gbé e.” Ìgbà náà ni mo tó wo kókó rẹ̀. Wọ́n ta á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ki etí rẹ̀ bọ abẹ́. Eruku ti bò ó. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án rí.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Mo parí ẹ̀kọ́ náà, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé gírámà ní kẹ́mísìrì. Bó bá ti kan lítímọ́ọ̀sì, mo máa ń bẹ olùkọ́ mìíràn kó bá mi wọ kíláàsì. Àwọn èèyàn ní kádàrá ni, kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo máa ń ṣe àmín. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe; ti ta ni tèmi? Mo lè gbà pé àìmọ̀ ló pa wọ́n, bí kì í bá ṣe pé mo mọ̀. Èyí tí mi ò tilẹ̀ lè gbé ni pé wọ́n búra fún mi, mo gba pépà gbọ́.

Àpò náà wà ní igun yàrá mi. Kòkòrò ti wọ̀ ọ́, mò ń gbọ́ ọ nígbà mìíràn. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń so kókó yẹn, nítorí náà mi ò tíì tú u.