Ẹ̀dọ̀ Tí Ìyàwó Mi Rù Lọ sí Bassila

Alápatà ni mí ní Manigri, alápatà sì ni bàbá tó bí mi. Nígbà tí mò ń wí yìí, àwọn Faransé ló ń jọba lé wa lórí ní Dahomey. Nínú iṣẹ́ wa, ọkùnrin ni í dúńbú ẹran, tí í bó awọ, tí í gé egungun. Ìyàwó alápatà ló ni inú ẹran: òun ni í fọ ìfun, òun ni í yọ òróòro kúrò lára ẹ̀dọ̀ láìjẹ́ kí ó bẹ́. Ìyàwó mi mọ iṣẹ́ yìí ju ìyá mi lọ. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún kan, bí ẹ̀ẹ̀rùn ti ń parí lọ, bàbá àgbà kan ní Bassila fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ obìnrin fún ọkọ. Ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá màlúù kan, kí n pa á, kí n sì kó ẹran náà dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìyàwó. Ọwọ́ Fúlàní kan tó ń da ẹran létí àbàtà, lọ́nà Doguè, ni mo ti rà á. Mo rí i pé màlúù náà rù, bẹ́ẹ̀ ibi tí koríko tútù pọ̀ sí jù lọ ló ti ń jẹ. Mo rí i pé abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wú, ó rọ̀ bí àpò omi. Mo rí gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ mo sanwó rẹ̀, nítorí ọjọ́ ti sún mọ́lé.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni mo pa á. Kò pẹ́ tí ìyàwó mi fi pè mí.

"Baba wọn, ẹ wá wo nǹkan."

Ẹ̀dọ̀ náà le, ojú rẹ̀ rí págunpàgun. Àwọn ọ̀nà tí òróòro ń gbà nínú rẹ̀ ti nípọn, wọ́n funfun, wọ́n gan bí ẹ̀ka igi gbígbẹ. Ó fi ọ̀bẹ la ọ̀kan, kòkòrò pẹlẹbẹ kan sì yọ́ jáde, ó dà bí ewé kékeré, ó ká ara rẹ̀ jọ, ó tún nà. Òmíràn tẹ̀ lé e.

Mo ní, "Gé ibi tí kò dára dànù, kí a kó ìyókù lọ. Iná kì í bá kòkòrò ṣeré."

"Èwo ni ibi tó dára níbẹ̀?"

Mo ní, "Tí a kò bá gbé ẹ̀dọ̀ dé, o mọ ohun tí wọn yóò sọ."

Ó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀dọ̀ ni wọ́n fi ń dá àwọn àna lọ́lá. Bí ó bá sọnù lára ẹran, ìyàwó alápatà ni wọ́n máa ń ní ó jẹ ẹ́, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í sì í fọ̀ lára ènìyàn.

Ó ní, "N kò ní sọ ọ́ nù. N ó rù ú lọ fúnra mi, n ó sì ṣí i lójú wọn."

Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ó gbé ẹ̀dọ̀ náà sínú igbá pẹ̀lú òróòro lára rẹ̀, ó fi ewé bò ó, ó gbé e rù. Àwọn tó ru ẹran ṣáájú, àwa méjèèjì tẹ̀ lé wọn. A rìn títí a fi dé Bassila.

Àwọn àna ti pé. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ níwájú bàbá náà.

"Bàbá, ẹ kú ìnáwó. Ẹran yín dé. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ nìyí, ṣùgbọ́n kò ṣeé jẹ." Ó ṣí igbá.

Obìnrin kan láàrin àwọn àna pòṣé. Ó ní, "Ẹ̀dọ̀ gidi ti wọ ikùn ẹnìkan ní Manigri. Èyí ni wọ́n fi rọ́pò."

Ilẹ̀ ì bá lanu, n bá wọ̀ ọ́. Ìyàwó mi kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé orí màlúù náà wá." Wọ́n gbé e wá. "Ẹ fọwọ́ kan abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Mo ti rí irú rẹ̀ lára ẹran mẹ́ta rí, bí ẹ̀dọ̀ wọn sì ti rí nìyí. Àbí èmi ni mo mú àgbọ̀n màlúù wú, kí n lè rí ẹ̀dọ̀ jẹ?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan tí ìjọba rán wá gún màlúù lábẹ́rẹ́ ní Bassila lọ́sẹ̀ náà. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, ó kàwé Faransé. Ó tẹ àgbọ̀n màlúù náà, ó la ẹ̀dọ̀, ó fi ìka gbé kòkòrò kan.

Ó ní, "Òótọ́ ni obìnrin yìí sọ. Orí yìí àti ẹ̀dọ̀ yìí, ara màlúù kan náà ni wọ́n ti wá." Ó yíjú sí ìyàwó mi. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Ọwọ́ mi ló kọ́ mi."

Ó wá ṣàlàyé fún wa pé ẹyin kòkòrò náà ń bá ìgbẹ́ màlúù bọ́ sínú àbàtà, ó ń gba ara ìgbín kékeré inú omi kọjá, lẹ́yìn náà ni yóò lẹ̀ mọ́ koríko tí màlúù ń jẹ. Ó ní ènìyàn tó bá mu omi náà láìsè, tàbí tó jẹ ewé etí omi ní tútù, lè kó o. Ó ní kí wọ́n se ẹran yòókù jinná, kí wọ́n jẹ ẹ́.

Bàbá náà ní kí wọ́n dáná sun ẹ̀dọ̀ náà. Ó wí fún àwọn àna rẹ̀ pé, "Ẹni tó lè fi í pa mọ́, tí kò fi í pa mọ́, òun ni n ó máa jẹ ẹran lọ́wọ́ rẹ̀." Ó ní kí wọ́n gé apá màlúù náà fún ìyàwó mi.

Ní ọjọ́ kejì, ìyàwó mi ní kí á lọ sí àbàtà. Ìyàwó Fúlàní tó ta màlúù fún mi ti ń ráhùn tipẹ́ pé ìhà ọ̀tún ń dun òun, omi àbàtà yẹn ló sì ń mu. Ìyàwó mi jókòó tì í, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ọkọ rẹ̀ kó ẹran lọ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi kànga wa. A kò mọ̀ bóyá kòkòrò ló ń bá a jà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìráhùn rẹ̀ dínkù.

Láti ìgbà náà, bí ẹ̀dọ̀ bá rú alápatà lójú, láti Bassila títí dé Alédjo, ìyàwó mi ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Wọ́n ń pe èmi ní Ọkọ Ìyá Ẹlẹ́dọ̀. Ó lè dun ọkùnrin mìíràn. Ní tèmi, mo máa ń tún fìlà mi dé kí n tó dáhùn.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn òmìnira, ọmọ wa obìnrin tó ń tọ́jú aláìsàn wá kí wa. Ó ní ìbátan kòkòrò yẹn wà ní ilẹ̀ òkèèrè, ní ìhà tí oòrùn ti ń yọ, inú ẹja odò tí wọ́n ń jẹ ní tútù ló wà. Ó lè gbé ọ̀nà òróòro ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó sì dá jẹjẹrẹ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní a kò tíì gbọ́ pé tiwa ń ṣe irú ìyẹn.

Ìyàwó mi ń bẹ iṣu lọ́wọ́. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti sọ fún àwọn tó ń jẹ ẹja náà?"

"Wọ́n ń sọ ọ́, Ìyá. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ìdílé ẹni kò rọrùn láti fi sílẹ̀."

Ó ní, "Kí ó má sú àwọn tó ń sọ ọ́," ó sì fa iṣu mìíràn mọ́ra.