Wọ́n ní ọmọ tó ń dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀ ò gbádùn

Wọ́n sọ mí di aláìsàn ní kíláàsì sáíkọ́lọ́jì lónìí.

Ewì ogun àtijọ́ ilẹ̀ Páṣíà la kà. Ọmọ ọba kan wà níbẹ̀ tí kì í lọ sójú ogun láìdọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Tíṣà wa ní sáíkọ́lọ́jì òde òní ti tú àṣírí ẹ̀: ẹ̀rù bàbá ló ń bà á, kò tíì dá dúró.

Mo nawọ́. "Mà, àdúrà ló ń gbà lẹ́nu bàbá ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìwọ náà máa ń dọ̀bálẹ̀ ni?"

"Mo dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀ yìí ní Austell, nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí, níbi tí mo páàkì sí, kí n tó wọlé ibi iṣẹ́. Àyà mi kan kọnkéré ilẹ̀. Bàbá mi wà lórí fóònù, ní Òṣogbo, ó ń ṣàdúrà fún mi."

"Lórí fóònù? Kò kúkú rí ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ṣé ẹni tí ò rí mi ló wá ń bà mí lẹ́rù?"

Ló bá ní ká ṣí ojú ewé tó kàn.

Lọ́la, màá tún dọ̀bálẹ̀.

Ẹ̀yin aláìsàn ẹlẹgbẹ́ mi, ibo lẹ ti kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ lórí fóònù rí? Ẹ kọ ọ́ síbí, mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lé tíṣà lọ́wọ́.