Ìdọ̀bálẹ̀ Lórúkọ Ẹlòmíràn

Mo rántí ìgbà tí mo jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Japan. N kò dé ibẹ̀ rí. Ibi tó jìnnà jù tí mo tíì dé ní ìhà ìlà-oòrùn London nígbà náà ni Upminster, oorun ló sì gbé mi débẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, lẹ́yìn tó ti gbé mi kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀. Yàrá kan ni mo háyà ní Rippleside, nínú ilé Alàgbà kan nínú ìjọ wa, ẹni tó ti wa bọ́ọ̀sì káàkiri Barking títí ó fi fẹ̀yìn tì. Mo ti gba oyè kejì ní yunifásítì nínú ìmọ̀ àjọṣe àwọn orílẹ̀-èdè. Ọjà Vicarage Field ni mo ti ń lo ìmọ̀ náà, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí mo ti ń ká síwẹ́tà sórí tábìlì kí àwọn oníbàárà lè rí nǹkan tú. Bí mo bá ti ibẹ̀ dé, màá gbé ìrẹsì kaná, màá sì ṣí ìkànnì kan tó ń gbé ìròyìn Japan jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe ìròyìn ni mo ń lọ kà. Abẹ́ ìròyìn ni mo ń gbé, níbi tí àwọn òǹkàwé ti ń kọ èrò ọkàn wọn.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ kò ní ọba àti ìjòyè. Òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó ti ń gbé ní Osaka láti ìgbà tí irun ti wà lórí rẹ̀, tó sì kórìíra ohun gbogbo tó rí níbẹ̀ àyàfi ìyàwó rẹ̀, ìyẹn náà lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá yá. Ará Kánádà kan wà tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Èmi tí mo mọ ìṣòwò," títí ọ̀tá rẹ̀ kan fi tú u fó pé inú ilé ìyá rẹ̀ ló ṣì ń gbé. Èmi náà wà níbẹ̀. Balógun Tokyo ni mò ń jẹ́. Bí àwọn obìnrin Japan kò bá bímọ mọ́, mo mọ ìdí rẹ̀. Bí owó wọn bá já wálẹ̀, mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan bá tẹríba níwájú àwọn oníròyìn láti tọrọ àforíjì, màá fojú wọn bí orí rẹ̀ ṣe sún mọ́ ilẹ̀ tó, màá sì dájọ́ pé ẹ̀tàn ni. Àwọn àgbà ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Wọn kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó sọ àsọìwẹ̀yìn, nítorí kò sí ìkànnì nígbà tiwọn.

Ìròyìn tó sọ mí di gbajúmọ̀ ni ti àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń bá èèyàn fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ kan wà ní Japan tí ẹ̀rù ọ̀gá wọn ń bà débi pé wọn kò lè la ẹnu sọ pé àwọn ń lọ. Wọn a sanwó fún àlejò. Àlejò náà a tẹ ọ̀gá láago, a ní, "Lágbájá kò ní wá mọ́ láti òní lọ," a sì pa fóònù. Ó parí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní ilẹ̀ Áfíríkà tí mo ti wá, ojúkojú ni a ti ń sọ̀rọ̀, pé èèyàn a dúró níwájú ọ̀gá rẹ̀, a sì sọ ohun tó wà níkùn rẹ̀, àti pé orílẹ̀-èdè tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ti ń háyà ẹnu, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi máa háyà eyín. Àtàǹpàkò ìyìn rọ̀ lé mi lórí bí òjò. Ará Osaka pàápàá gbà pé mo sọ òótọ́, ẹni tí kì í gbà pé ilẹ̀ mọ́. Orí mi wú, mo gbé fóònù lọ sí kíṣìnnì láti kà á sókè fún àwọn ará ilé.

Àwọn ará ilé ni Alàgbà, tó ń gé àlùbọ́sà, àti ọmọbìnrin tó háyà yàrá òkè, tí mo máa ń pè ní Àbúrò.

"Kí wọ́n sanwó kí wọ́n tó lè fiṣẹ́ sílẹ̀?" ni Alàgbà wí. "Ayé mà ti bàjẹ́ o."

Àbúrò kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, èló ni wọ́n ń gbà?"

Ó nídìí tó fi bèèrè. Iṣẹ́ kéà ló ń ṣe, ó ń ti ilé arúgbó kan bọ́ sí òmíràn, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń fún wọn lóúnjẹ. Ìyá Ìjọ wa ló ni ilé-iṣẹ́ náà. Àbúrò sì ti rí àyè gbà ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ohun tó ti ń lé kiri láti ìgbà tó ti dé ìlú yìí. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ẹ̀kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá yọjú lọ́jọ́ náà, wọn yóò fún ẹlòmíràn ní àyè rẹ̀. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ pé, kò sí òfin tó dè é mọ́ Ìyá Ìjọ. Ohun tó dè é ni ẹ̀wù òtútù. Nígbà tó ti Abẹ́òkúta dé pẹ̀lú búláòsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn ní pápákọ̀ òfurufú, Ìyá Ìjọ ló dúró dè é pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù pupa kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bó bá la ẹnu láti sọ pé òun ń lọ, ẹ̀wù yẹn ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Mo ti gbìyànjú o," ó ní. "Mo lọ bá wọn, mo ní, 'Mọ́mì, mo fẹ́ sọ nǹkan kan.' Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀. Mo rò pé kí n kúnlẹ̀ sọ ọ́ ni. Wọ́n bá gbé òróró, wọ́n ń gbàdúrà pé n kò ní fẹsẹ̀ kọ. Kí n tó mọ̀, mo ti ń ṣe Àmín."

"Fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn," ni èmi Balógun wí.

"Ẹni tó wọ ẹ̀wù sí mi lọ́rùn, kí n máa fi ìwé ránṣẹ́ sí i? Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin náà ẹ wò ó."

Alàgbà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní bí ọmọdé kò bá lè sọ̀rọ̀, kí ni àgbà wà fún? "Èmi àti ọ̀mọ̀wé yìí ni yóò lọ bá ọ sọ fún Ìyá. Fọkàn balẹ̀." Àbúrò kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Fóònù mi ṣì wà ní ṣíṣí lórí tábìlì, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mi nípa àwọn tí ń háyà ẹnu. Kò sí ẹni tó wò ó.

Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, a wọ ọkọ̀ ojú irin ní Upney, a ń lọ sí Dagenham East, níbi tí Ìyá Ìjọ ń gbé. Aṣọ funfun ìsìn wa ṣì wà lọ́rùn wa. Ọmọ òyìnbó kékeré kan bi ìyá rẹ̀ bóyá áńgẹ́lì ni wá. Ìyá náà wo Alàgbà dáadáa, ó ní rárá.

Mo ń kọ́ Alàgbà ní ohun tí yóò sọ. "Bàbá, gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Ẹ ní, 'Ìyá, ọmọ yín ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò ní wá mọ́.' Ẹ má bẹ̀bẹ̀ o."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

"Àwọn ará Japan kì í lò ju gbólóhùn kan lọ."

"Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi bímọ," ni Alàgbà wí, ó sì yíjú sí fèrèsé.

Ìyá Ìjọ kò bi wá léèrè ohun tí a bá wá. Ó gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní, "Ẹ jókòó. Ẹ kọ́kọ́ jẹun." Ó gbé iyán kalẹ̀, ó gbé ẹ̀gúsí tì í, ó fi ẹran bo ọbẹ̀ lójú. Ta ni yóò máa jẹ iyán ẹni lọ́wọ́, tí yóò sì máa sọ fún ẹni pé òṣìṣẹ́ ẹni ń lọ? Nígbà tí a fi máa fọwọ́, ìdajì ọ̀rọ̀ wa ti bá òkèlè lọ.

"Alàgbà, ṣé kò sí o?" ni ó wá bèèrè.

Alàgbà wúkọ́. Ó tún ọ̀já ìbàdí rẹ̀ dì. Ó kí Ìyá kú ìsìn, ó kí i kú ìnáwó, ó kí i kú iṣẹ́ Olúwa, ó tilẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Mo ń fi orúnkún tì í lábẹ́ tábìlì. Ó wá ní, "Ìyá, a wá bẹ̀ yín ni."

Mo di ojú. Láti ìgbà tí Alàgbà ti di àgbà, kò tíì sí ibi tí wọ́n rán an lọ tí kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ló bá lọ: ti ọkọ tó lu ìyàwó, ti ìyàwó tó kó jáde, ti akọrin tó bú olórí akọrin. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹnu rẹ̀ mọ̀, ó sì ti yà sí i bí bọ́ọ̀sì tó mọ títì rẹ̀.

"Ta ló ṣẹ̀ mí?" Ojú Ìyá Ìjọ ti ń tàn.

"Ọmọ yín ni, èyí tó ń gbé lọ́dọ̀ mi."

"Kí ló ṣe?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ há sí. Kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ní ẹ̀bẹ̀ ni òun bá wá, dandan ni kó mú ẹ̀ṣẹ̀ dání. Alàgbà wo òkè àjà, ó sì rí ẹ̀ṣẹ̀ he níbẹ̀. Ó ní ọmọ náà ti ń ro ìròkurò. Ó ní ojú rẹ̀ kò gbé ibì kan mọ́. Ó ní ìwé ló ń dà á láàmú, Ìyá sì mọ bí àwọn ọmọ ìwòyí ṣe rí.

Èmi ni Ìyá Ìjọ kọjú sí. "Ọ̀mọ̀wé wa, bó ṣe rí nìyẹn? Àní mo tilẹ̀ ń wá ẹnìkan tó kàwé tí yóò bá mi darí ọ́fíìsì."

Gbólóhùn mi wà lẹ́nu mi. Láti Upney ni mo ti ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wo Ìyá Ìjọ, ọ́fíìsì ni mo rí. Mo rí àga tó ń yí. Mo rí ẹlòmíràn tó ń ká síwẹ́tà. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Ọmọdé ló ń ṣe é." Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé gbogbo ẹni tó gboyè nínú ìjọ ni Ìyá ti fi ọ́fíìsì náà lọ̀, àti pé ọ́fíìsì ọ̀hún kò ju tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì lọ.

"Dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá," ni Alàgbà pàṣẹ.

"Èmi?"

"Lórúkọ rẹ̀. Orúnkún tèmi kò gbà mọ́."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo na ara mi gbalaja nínú aṣọ funfun lórí kápẹ́ẹ̀tì obìnrin yẹn, mo ń tọrọ àforíjì fún ọmọ tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ó yege lọ. Ìyá Ìjọ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sunkún, ó dárí jì í, ó gbàdúrà, ó sì ní kó wá ṣe iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ìjà ti parí. A ṣe Àmín. Ti Alàgbà ló rinlẹ̀ jù.

Àbúrò ti dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a délé. Ó ti di ìwé tuntun rẹ̀ sínú báàgì.

"Ṣé ẹ ti sọ fún wọn?"

"Ó ti parí," ni Alàgbà wí, ayọ̀ kún ojú rẹ̀. "Wọ́n ti dárí jì ọ́."

"Kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan, ọmọ mi. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ náà yá."

Ó yíjú sí mi. Mo ń yọ òwú kápẹ́ẹ̀tì kúrò lára aṣọ mi.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ìyá Ìjọ ti gbé e sórí fóònù fún gbogbo ìjọ pé òun ti dárí ji ọmọ òun, àwọn èèyàn sì ti ń bá Àbúrò yọ̀. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti tì. Ẹni tó lọ láìbẹ̀bẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ nìkan ló ṣẹ̀. Ẹni tó lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti bá a bẹ̀bẹ̀ tán ti ṣẹ Ìyá, ó ti ṣẹ Alàgbà, ó ti ṣẹ gbogbo ẹni tó ṣe Àmín. Lọ́jọ́ Ajé, ó wọ ẹ̀wù pupa náà, ó lọ wẹ arúgbó. Ilé-ẹ̀kọ́ kò dúró dè é. Nígbà tó padà bèèrè, wọ́n ní àyè ti kún.

Ní ti èmi, ìròyìn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan tó tẹríba ní Tokyo ló wà lókè ìkànnì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi náà. Òwú ṣì wà ní irùngbọ̀n mi nígbà tí mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìtẹríba tí kò ti ọkàn wá, eré orí ìtàgé ni. Àtàǹpàkò tún rọ̀.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Alàgbà ti sùn nínú Olúwa, wọ́n sì ti fi èmi náà jẹ alàgbà, nítorí irun mi ti lọ. Mo ṣì máa ń ka ìròyìn Japan. Bí mo bá dé orí ọ̀rọ̀ àwọn tí ń bá èèyàn fiṣẹ́ sílẹ̀, mo máa ń kọjá láìkọ nǹkan kan. Mo ti wá rí i pé àwọn yẹn ń sanwó kí àlejò lè bá wọn sọ òótọ́. Àwa kì í sanwó. Àwọn èèyàn wa ni à ń rán, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń bá wa pa irọ́, pẹ̀lú àdúrà lórí rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan nínú ìjọ bẹ̀ mí pé kí n bá òun sọ fún mánéjà òun pé òun fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn, pé ẹnu òun kò gbà á. Mo lọ. Ìyá Ìjọ ti fẹ̀yìn tì, Àbúrò ló ń darí ilé-iṣẹ́ náà. Gbogbo èèyàn ló ń pè é ní Mọ́mì báyìí. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ̀wù òtútù tuntun so rọ̀ ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, ó ń dúró de àwọn tí ọkọ̀ òfurufú yóò já sílẹ̀. Pupa ni gbogbo wọn.

Mo ti pinnu lọ́kàn mi: gbólóhùn kan. Mo la ẹnu.

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "ẹ jókòó. Ẹ kọ́kọ́ jẹun."

Ó fa àga tì mí, ó ń wo òkèlè kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń wọlé. Nígbà tí mo fọwọ́ tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ta ló ṣẹ̀ mí?"

Mo wo ilẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì náà nípọn ju ti ìjọ́sí lọ.