Òrùka Ìyá Ọkọ Mi

Ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn nígbà tí mo wọ ilé ọkọ ní Pópó Yemọja. Apẹja ni wọ́n nílé náà. Odò Ọ̀nà ni wọ́n ti ń pẹja, Ọjà'ba làwa obìnrin ti ń tà á. Lọ́jọ́ tí mo dé, ìyá ọkọ mi bọ́ òrùka fàdákà wọn, wọ́n fi bọ̀ mí níka wò. Ó ṣe mí rẹ́gí, inú wọn dùn. Wọ́n gba òrùka wọn padà.

Àwọ̀n tuntun kì í wọ odò láìjẹ́ pé Ìyá fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Ìka mẹ́ta ni wọ́n máa ń pa pọ̀ tì bọ ojú àwọ̀n. Bí ó bá wọlé wẹ́rẹ́, àwọ̀n ń lọ sódò. Bí ó bá há, kí wọ́n tú u, kí wọ́n tún un hun, kí ọmọ ẹja lè ráyè jáde lọ dàgbà. Gbogbo apẹja etí odò ló ń gbé tiwọn wá. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá ń wọn àwọ̀n máa ń dùn mọ́ mi: àwọ̀n kún àgbàlá, àwọn géńdé jókòó pẹ̀lẹ́, Ìyá ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò kàn mí láti ti ìka mẹ́ta tèmi bọ ojú àwọ̀n wò, yóò sì fẹ́ há.

"Ìyàwó, ọdọọdún ni ìka rẹ ń tóbi sí i. Ta ló ń bọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin náà ni, Ìyá."

Nígbà tó yá, ẹja kéré. Epìyà tí ọkọ mi ń gbé wálé kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, àrọ̀ ńlá sì dàwátì. Àwọn kan ní ariwo rélùwéè ló lé ẹja lọ. Àwọn kan ní àwọn ará òkè odò ló ń da oró sómi, wọ́n sì ti ń múra láti lọ bá wọn jà. Ẹ̀rù bà mí, torí a ò níṣẹ́ mìíràn.

Inú rírun ti ń yọ Ìyá lẹ́nu látọjọ́ pípẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń rù, a ò sì fọkàn sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń bu omi sí wọn lọ́wọ́, òrùka bọ́ sínú igbá. Wọ́n fi bọ ìka, ó tún yọ̀ bọ́. Wọ́n wo ọwọ́ náà títí, wọ́n ní kí n gbé àwọ̀n ọkọ mi wá. Ìka tiwọn wọlé wẹ́rẹ́. Tèmi há.

"Ìka rẹ kọ́ ló ń tóbi," ni wọ́n wí.

Wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn apẹja. "Ẹnikẹ́ni ò lé ẹja. Ọwọ́ mi ló rù, ojú àwọ̀n sì bá a kéré. Ẹ tú gbogbo àwọ̀n yín." Wọ́n tú u, ọwọ́ èmi sì ni wọ́n fi wọn òmíràn. Ọbẹ̀ aláìlẹ́ja la jẹ lọ́dún náà, mo sì kùn dáadáa.

Àrọ̀ ńlá padà sódò, àmọ́ Ìyá ò dúró jẹ ẹ́. Àárò wọn ṣì ń sọ mí bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni wọ́n fi òrùka sílẹ̀ fún. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ó ti ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti bọ́ ọ, mo fi bọ ìyàwó ọmọ mi níka wò.