Abọ́ Òfìfo Àǹtí Kò-Tíì-Pọ́n

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́, Àǹtí Kò-tíì-pọ́n gbé abọ́ òfìfo sí àárín tábìlì ìpanu. Abọ́ náà funfun, ó tóbi, ó mọ́ tónítóní, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju káàdì kékeré kan lọ. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni: "Kéèkì mángòrò. Mángòrò kò tíì pọ́n. Ẹ má bínú, ó ń bọ̀."

Abọ́ mẹ́fà tó kún dẹ́nu ló yí i ká: kéèkì ọsàn, bisikíìtì àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi oyin yan, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló wo ìyẹn? Abọ́ òfìfo ni gbogbo àlejò ń ya fọ́tò. Ọkùnrin kan tiẹ̀ mú ṣíbí, ó ha ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó fi kan ẹnu, ó ní ó dùn o, àmọ́ ṣúgà rẹ̀ kéré.

Ẹ má tíì dá obìnrin náà lẹ́jọ́. Iṣẹ́ kéèkì ló ń ṣe, ní yàrá kan tó ní ààrò méjì àti kàlẹ́ńdà ńlá kan lára ògiri. Kò kọ ọjọ́ ìpàdé sí kàlẹ́ńdà yẹn. Èso ló kọ sí i, oṣù tí kálukú wọn máa ń pọ́n lóko tó wà nítòsí. Èso tí kò bá sí nínú oṣù, kò ní wọ inú ààrò rẹ̀. Èso inú agolo ńkọ́? Òkú ló ń pè é.

Bàbá kan wá bá a lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ kéèkì ọ̀pẹ òyìnbó fún ọjọ́ ìbí ọmọ òun. Àǹtí wo kàlẹ́ńdà, ó mi orí.

"Kò tíì pọ́n. Ẹ sún ọjọ́ ìbí náà síwájú."

"Mà, ọjọ́ ìbí ò ṣeé sún."

"Ọ̀pẹ òyìnbó náà ò ṣeé sún."

Bàbá náà bínú lọ. Lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó padà wá, ó ní ọmọ náà ti fara mọ́ ọn pé kí òun ṣe ọjọ́ ìbí lẹ́ẹ̀mejì.

Ti ọ̀dọ̀ ọlọ́jà èso ló burú jù. Àǹtí á mú ọsàn kọ̀ọ̀kan, á gbé e sí imú, á dijú.

"Màámi," ọlọ́jà á ní, "ṣé ẹ fẹ́ rà á ni, àbí ẹ fẹ́ gbé e níyàwó?"

"Mo ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ ni. Ó ní ẹ fipá ká òun."

Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ á ti máa gbóòórùn ọsàn tiwọn náà. Ọmọdébìnrin tó bá a gbé apẹ̀rẹ̀ wá ńkọ́? Ojú á tì í, á rọra yẹra, á lọ dúró ti obìnrin mìíràn, bí ẹni pé onítọ̀hún ló mú un wá. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọmọ àbúrò Àǹtí ni ọmọdébìnrin náà. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kú. Àǹtí ló mú un sọ́dọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò jẹun, tí kò sì sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin Àǹtí fún un ní kéèkì mángòrò. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́, ó ní, "Ọjọ́ tí mo bá ṣègbéyàwó, èyí ni mo fẹ́." Àǹtí ṣèlérí fún un. Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ìlérí àgbàlagbà ni.

Ọmọ náà dàgbà, ó di akọ̀wé ní iléeṣẹ́ ńlá kan, ó rí ọkọ. Òun àti Àǹtí wá jókòó síwájú kàlẹ́ńdà láti ṣètò tábìlì ìpanu.

"Ta lẹ bi kẹ́ ẹ tó mú ọjọ́?" Àǹtí bi í.

"A bi àwọn òbí ọkọ mi. A bi àwọn tó ni gbọ̀ngàn."

"Ẹ ò bi mángòrò."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra ti inú agolo. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi."

"Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ nígbà náà."

"Mo ti ṣèlérí. Abọ́ rẹ̀ máa wà níbẹ̀."

Ìyàwó rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ẹni tó bá mọ Àǹtí kò gbọ́dọ̀ rò bẹ́ẹ̀ láé.

Bó ṣe di pé abọ́ dé gbọ̀ngàn nìyẹn. Ìyàwó gbọ́ ẹ̀rín, ó yíjú, ó rí i. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, ló ń ka káàdì náà lọ́wọ́.

"Ta ni obìnrin tó gbé èyí síbí?" ọ̀gá bi í.

"Ọ̀kan lára àwọn alásè ni, mà," ìyàwó dáhùn.

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló rí Àǹtí lẹ́yìn ọ̀gá, tòun ti kéèkì ọsàn lọ́wọ́. Àǹtí gbé kéèkì kalẹ̀, ó tún abọ́ òfìfo tò kó lè dọ́gba, ó lọ. Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀.

Oṣù méjì gbáko ni ìyàwó fi ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi tọrọ àforíjì. Á gbé fóònù, á tún gbé e sílẹ̀. Kò mọ̀ bóyá Àǹtí gbọ́ tàbí kò gbọ́, ìtìjú náà sì ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí ẹ̀gún há sí lẹ́sẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ pè é láti ìsàlẹ̀.

"Mà, ẹ ní àlejò. Mo bi í pé ta ni kí n pè é. Ó ní ọ̀kan lára àwọn alásè yín ni."

Ó sáré sọ̀ kalẹ̀, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sórí àtẹ̀gùn. Àǹtí jókòó sórí àga àlejò, ó gbé abọ́ funfun náà lé itan, ó kún fún kéèkì mángòrò. Ìyàwó kúnlẹ̀ síbẹ̀ lójú gbogbo ayé, ó ń sunkún.

"Àǹtí, ẹ dárí jì mí."

"Ṣé o rò pé mángòrò nìkan ni mo ti ń dúró dè?" Àǹtí gé kéèkì, ó fi sí i lẹ́nu. "Dìde jàre. Bàtà ẹ dà?"

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, Àǹtí sùn, kò jí mọ́. Oṣù méjì ṣì kù kí mángòrò pọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn tó ṣe nǹkan láìwo kàlẹ́ńdà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyàwó ló to tábìlì ìpanu. Abọ́ mẹ́fà kún. Ó gbé abọ́ òfìfo sáàárín, ó fi káàdì ọjọ́ ìgbéyàwó sí i, èyí tó bá nínú àpótí Àǹtí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọlọ́jà èso mú kéèkì ọsàn, ó kọ́kọ́ gbé e sí imú, ó dijú. "Wọn ò fipá ká èyí," ó wí. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àwọn kan sì nu ojú.

Ọ̀gá náà wá. Ó dúró níwájú tábìlì.

"Ta ló tún gbé abọ́ òfìfo síbí?"

"Èmi ni, mà," ìyàwó dáhùn. "Alásè tẹ́ ẹ bi mí léèrè níjọ́sí, mo parọ́ fún yín. Òun ló tọ́ mi. Ọmọ ẹ̀ ni mí."

Ọ̀gá tún káàdì náà kà.

"Ìgbà wo ni mángòrò yìí máa pọ́n?"

"Ó ku oṣù méjì, mà."

"Bá mi kọ orúkọ mi sílẹ̀."

Ìyàwó mú káàdì láti kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Kò yí i padà rí. Ó bá ọ̀rọ̀ márùn-ún níbẹ̀, ìkọ̀wé Àǹtí, yíǹkì rẹ̀ ti ṣá: "Ọmọ mi ló ni ín." Ó wò ó títí, ó nu ojú rẹ̀, ó wá kọ orúkọ ọ̀gá sábẹ́ rẹ̀.