Ọ̀dà Tuntun Lára Kápírì Yàkúbù

Ẹni tó bá gba iwájú ilé Alájì Yàkúbù kọjá ní Aramọkọ, bó ti wù kí ìrìn rẹ̀ yá tó, yóò yí ọrùn wo mọ́tò. Kápírì ni, onílẹ̀kùn méjì, imú rẹ̀ gùn, ìdí rẹ̀ kúrú, irú mọ́tò tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń sá eré àṣejù láyé ìgbà tí kòkó níyì. Ó pọ́n bí èso ìyeyè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́. Ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún níbi tí wọ́n ti ṣe é ló ṣì wà lára rẹ̀. Kò ṣí, kò dógùn-ún níbì kan. Bẹ́ẹ̀ àwọn tí wọ́n bí lọ́dún tí Yàkúbù rà á ti ń fa ọmọ fún ọkọ.

Mọ́tò náà kò ní oògùn kankan. Yàkúbù ló ya wèrè sí i. Nígbà ọyẹ́, aṣọ ìbora tirẹ̀ ló fi ń bò ó, òun fúnra rẹ̀ a wá máa gbọ̀n lórí bẹ́ẹ̀dì. Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bàbá Ìdrís, ìyálé mi ló wà níta yẹn. Òun ni mo bá nílé, n ò lè bá a jà."

Òótọ́ ni, Àbẹ̀kẹ́ bá mọ́tò nílé. Nígbà tí Yàkúbù wà lọ́dọ̀ọ́, ó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ láti Erìjìyàn títí dé Ẹfọ̀n. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ra lọ́rì, òun ra Kápírì. Ìyá rẹ̀ bi í pé àpò kòkó mélòó ni yóò gba inú kiní yìí, ó ní lọ́rì tí òun bá háyà ni yóò kó kòkó, òun yóò máa lọ níwájú láti wọ̀n ọ́n. Ìyá rẹ̀ bú u títí ẹnu fi ro ó.

Ọdún yẹn gan-an ló rí Àbẹ̀kẹ́ ní Ìkògòsì. Ọmọge tí wọn kò tíì gbé níyàwó kò gbọdọ̀ máa tẹ̀ lé ọkùnrin wọ abúlé kiri nígbà náà, àwọn àgbà yóò sọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí Yàkúbù bá gbé e dání, ẹnu ọ̀nà abúlé ni yóò pa mọ́tò sí, lábẹ́ igi, yóò ní, "Jókòó síbí, mò ń bọ̀." Yóò lọ wọn kòkó. Ìwọ̀n kòkó kì í sì tán bọ̀rọ̀, torí àgbẹ̀ wo ló máa gbà pé òṣùwọ̀n oníkòkó kì í purọ́? Àbẹ̀kẹ́ yóò jókòó nínú mọ́tò, àwọn ọmọdé yóò to imú mọ́ gíláàsì, wọn yóò máa wò ó. Nígbà tí Yàkúbù bá fi máa dé, òórùn kòkó ti gba gbogbo ara rẹ̀, bọ̀ọ̀lì gbígbóná wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹ̀bẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ a sì sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù ú: "Yàkúbù! Ṣé o fẹ́ kí n fi orí hu ewú síbí ni?"

Yàkúbù. Bó ṣe ń pè é nìyẹn nínú mọ́tò náà. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e wọlé ni orúkọ yẹn kúrò lẹ́nu rẹ̀, nítorí ìyàwó ilé wo ló ń la orúkọ mọ́ ọkọ lórí? Wọ́n bí Ìdrís, ó di Bàbá Ìdrís. Ó lọ sí Mẹ́kà, ó di Alájì. Ìyá rẹ̀ kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kú, kò wá sí ẹni tó ju Yàkúbù lọ tó lè dúró níta kó pe orúkọ rẹ̀ lásán. Àgbà là ń bẹ Ọlọ́run pé ká dà. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún èèyàn pé bó bá dàgbà tán, orúkọ rẹ̀ yóò di ti ìwé ìdìbò nìkan.

Nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni àìsàn Àbẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, ó tún bù ú, wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹní ìrun, ó kọjú sí ilé ìdáná, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Lọ́jọ́ kan ó wo Hikmat, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń wá wẹ̀ fún un láràárọ̀, ó ní, "Ìwọ, ọmọ ta ni ẹ́?" Dókítà ní Adó ní àìsàn ìgbàgbé arúgbó ni, pé oògùn lè fà á sẹ́yìn díẹ̀ ṣùgbọ́n kò lè dá ohun tó ti lọ padà.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, Yàkúbù ń fọ mọ́tò. Àbẹ̀kẹ́ yọ sí ẹnu ọ̀nà, ó rí i, ojú rẹ̀ là bí ojú ọmọge. Ó rìn bọ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó níwájú, ó ká ọwọ́ lé itan.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, Bàbá," ó ní fún ọkọ rẹ̀. "Yàkúbù ló ní kí n dúró de òun níhìn-ín. Ó lọ wọn kòkó."

Kànìnkànìn bọ́ lọ́wọ́ Yàkúbù. Kò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu Àbẹ̀kẹ́ láti ìgbà tí irun orí àwọn méjèèjì ti dúdú. Inú rẹ̀ dùn, ó ń sunkún, kò sì mọ èyí tí ì bá fi síwájú. Ó wọlé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, èmi nìyí. Èmi ni Yàkúbù."

Àbẹ̀kẹ́ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé kò bá òun ṣeré, ó sún mọ́ ilẹ̀kùn. "Bàbá, ẹ ò tilẹ̀ tijú! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tó bàbá tó bí bàbá mi!" Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Yàkúbù sọ̀ kalẹ̀, kò sì dán irú rẹ̀ wò mọ́.

Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ló ń ṣí mọ́tò náà sílẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ a wọlé, a jókòó, a máa sọ fún ẹni tó bá ń kọjá pé Yàkúbù ò ní í pẹ́ dé, pé Yàkúbù kò fẹ́ràn kí òun sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀, pé ọmọ dáadáa ni Yàkúbù bí kì í bá ṣe ti ìwàǹwára rẹ̀. Àgbàlagbà ọkùnrin yìí a lọ dúró sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi, a máa fetí kó o jẹ. Ojú ń tì í, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ṣe kó má lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni wàhálà. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀ tí Yàkúbù kò dé, Àbẹ̀kẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lójú fèrèsé. Lẹ́yìn náà á sunkún. Wọn á fà á sọ̀ kalẹ̀, á máa wí pé, "Ó ti jù mí sílẹ̀. Ó ti rí ẹlòmíràn." Bó bá di ọjọ́ kejì, á gbàgbé ẹkún àná, á tún jókòó, wọn á tún jù ú sílẹ̀ ní tuntun. Hikmat ló ń nu ojú rẹ̀, ó sì ti sú Hikmat.

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká kun mọ́tò yìí," ni Hikmat wí. "A bò ó, ó ṣí i. A gbé e pamọ́ sílé kejì, ó wá a kiri àdúgbò. Àwọ̀ yẹn ló mọ̀. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tó sáré tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ Márúwá tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bíi ti mọ́tò yìí, tó ń pariwo Yàkúbù? Bí àwọ̀ bá yí padà, kò ní dúró de ẹnikẹ́ni mọ́."

Ìdrís gbọ́ ọ lórí fóònù láti Àbújá, ó ní rárá. "Bàbá, ẹ má dán an wò. Àwọn tó mọ iyì mọ́tò àtijọ́ sọ pé ẹni tó bá kun irú èyí ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ẹ lè pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ lè rán ìjókòó tuntun sí i. Ọ̀dà àkọ́kọ́ ni kò ṣe é dá padà."

Yàkúbù dúró lórí ọ̀rọ̀ Ìdrís. Ó ní òótọ́ ni ọmọ náà sọ, ohun tó pé kò yẹ ká fọwọ́ ara wa bà á jẹ́. Ẹ má dá a lóhùn. Kì í ṣe iyì mọ́tò ló ń gbà rò. Bí wọ́n bá kun Kápírì, ta ni yóò tún pe Yàkúbù?

Àfi ọjọ́ tó lọ kírun alásàrì ní mọ́ṣáláṣí, tí òjò dá a dúró síbẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ kò ní sùúrù lọ́jọ́ yẹn. Ó ti inú mọ́tò sọ̀ kalẹ̀, ó sì gba ọ̀nà Erìjìyàn lọ láti wá Yàkúbù láàárín àwọn àgbẹ̀ oníkòkó. Ọlọ́kadà kan tó mọ ojú rẹ̀ ló rí i létí ọ̀nà, ó gbé e wálé. Omi ń kán lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

Nígbà tí wọ́n ń yí i láṣọ padà, ó di etí agbádá ọkọ rẹ̀ mú.

"Bàbá, ẹ ṣàánú mi. Àgbà ni yín, ẹ mọ gbogbo ulé tó wà nílùú yìí. Ṣé Yàkúbù ti kú ni? Bó bá ti kú, ẹ sọ fún mi, kí n yéé dúró dè é."

Yàkúbù tẹ̀ba, ó ń nu ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun lòun ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn láràárọ̀. Obìnrin tó bímọ fún un ń sunkún lálaalẹ́ kí òun lè máa gbọ́ orúkọ ara òun. Ó rí ara rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sì fẹ́ràn ohun tó rí.

Ó wa mọ́tò lọ bá Ọmọ́tọ́ṣọ́, ẹni tó ń kun mọ́tò lójú ọ̀nà Ìjerò. Ọmọ́tọ́ṣọ́ yí i po, ó fọwọ́ pa á lórí, ó ní, "Alájì, ọwọ́ mi ò gbà á. Ẹ̀ṣẹ̀ ni."

"Kùn ún," ni Yàkúbù wí. "Ẹ̀ṣẹ̀ náà, èmi ni mo ni ín."

"Àwọ̀ wo lẹ fẹ́?"

Yàkúbù ronú títí. "Èyí tí n kò bá tíì ra aṣọ rẹ̀ fún ìyàwó mi rí."

Ọmọ́tọ́ṣọ́ kó àwọ̀ sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò. Aláwọ̀ búlúù, ó ti rà á nígbà ìsọmọlórúkọ Hikmat. Àwọ̀ ewé, ó rà á. Pupa, funfun, àwọ̀ kọfí, ó rà wọ́n. Ó ti ṣe ọkọ dáadáa, ó sì dun Ọmọ́tọ́ṣọ́ pé òun béèrè àwọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọ̀ eérú ló ṣẹ́kù, Àbẹ̀kẹ́ kò fẹ́ràn rẹ̀ láyé rẹ̀. Òun náà ni wọ́n mú. Nígbà tí wọ́n ń họ ọ̀dà àtijọ́, tí ìyẹ̀fun rẹ̀ pípọ́n ń kù sórí bàtà Yàkúbù, ó kọjú sí ògiri, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi ṣe tán.

Wọ́n gbé e dé ilé, wọ́n pa á sí ààyè rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ jáde láàárọ̀, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan. "Bàbá, ẹ kú àlejò o," ó ní, ó sì kọjá lọ sídìí ìjókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀ ṣú, kò sunkún. Ó jẹun, ó sùn. Ọjọ́ kejì rí bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan rí bẹ́ẹ̀. Hikmat ní ẹran ara ti ń padà sí màmá òun lára, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Yàkúbù náà dúpẹ́, nítorí ó yẹ kó dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ilé dákẹ́ fún un. Àbẹ̀kẹ́ ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ń sọ ti adìẹ, ó ń sọ ti òjò, ó ń béèrè pé ṣé uyán ti délẹ̀. Kò dárúkọ Yàkúbù mọ́. Nígbà tí ara kò gbà á mọ́, Yàkúbù fúnra rẹ̀ béèrè, bí ẹni tí kò fẹ́ béèrè, pé, "Ọmọkùnrin oníkòkó yẹn ńkọ́?" Àbẹ̀kẹ́ wò ó tàánútàánú, ó ní òun kò mọ oníkòkó kankan.

Láti ọjọ́ náà ni Yàkúbù ti ń jókòó sínú Kápírì aláwọ̀ eérú yẹn lásìkò tí Àbẹ̀kẹ́ fi máa ń jókòó síbẹ̀. Á ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀, á máa wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn tó ń kọjá ń kí i ní Alájì, ó ń dáhùn.

Ìrọ̀lẹ́ kan, Àbẹ̀kẹ́ dìde lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mọ́tò tààrà. Yàkúbù gbọn erùpẹ̀ kúrò lórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sún. Àbẹ̀kẹ́ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó tẹ̀ba, ó wo ojú rẹ̀ dáadáa.

"Bàbá," ó ní, "ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí yín níbí. Ta lẹ̀ ń dúró dè?"

"Ìyàwó mi ni."

"Háà." Ó fi ọwọ́ kan apá rẹ̀. "Ẹ má sunkún. Ọlọ́run á mú un dé fún yín."

"Àmín," ni Yàkúbù wí. Àbẹ̀kẹ́ rọra ti ilẹ̀kùn, ó sì wọlé lọ jẹun alẹ́.