Ìwé Tí Bàbá Bọ́mà Tẹ̀ka Sí

Lánàá, mo ń se ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn arúgbó obìnrin kan láti ilẹ̀ Japan lórí rédíò. Ẹnì kan ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ní ọmọ iléèwé lòun nígbà tí àdó olóró átọ́míìkì bọ́ lu ìlú àwọn, òun ò sì ní yé bẹ aráyé pé kí wọ́n kó àdó náà dà nù títí òun á fi kú. Mo pa iná, mo jókòó.

Bàbá Bọ́mà ni mo rántí. Àbúrò bàbá mi ni, Ràímì lorúkọ rẹ̀, nílé wa ní Ìlobù. Ó tẹ̀lé òyìnbó lọ bá àwọn ará Japan jagun ní Bọ́mà, ó sì ń tiro bọ̀. Tó bá ń da ewúrẹ́ rẹ̀, á ní kí wọ́n tò bíi sójà. Ewúrẹ́ ò gbọ́ rí. Ṣùgbọ́n kì í fi ọ̀rọ̀ àdó olóró ṣeré. Nígbà tí ogun parí, ó ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n Japan kan tó fi àwòrán ìyá rẹ̀ hàn án. Ìlú tí àdó náà jó run ni ìyá yẹn ń gbé. Ó máa ń wí pé, "Ẹni tí mo ti ń wá ọ̀nà àtipa, òun ni mo wá ń kí kú aráfẹ́rakù."

Mo wà ní kíláàsì karùn-ún nígbà tí mo ka ìwé ìròyìn kan fún un. Wọ́n ti dán àdó mìíràn wò lójú òkun, eérú rẹ̀ dà sára àwọn apẹja Japan, ọ̀kan ti kú. Àwọn ìyá ọlọ́mọ lọ́hùn-ún wá ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, kí àwọn èèyàn fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ò fẹ́ àdó olóró mọ́.

"Mú gègé," ló wí. "Àwa náà á fi tiwa ránṣẹ́."

Mo kọ ọ́ síwèé pé àwa náà ò fẹ́ àdó olóró. Ó fi tàdáwà ilé kéwú tẹ̀ka. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé e lọ sí Ìfọ́n, ìlú tó bá wa pààlà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ lọ Bọ́mà náà tẹ̀ka.

Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Àwa àti Ìfọ́n ń ṣẹjọ́ ilẹ̀, ta ni ò sì mọ̀ pé ìtẹ̀ka ni wọ́n fi ń gba oko lọ́wọ́ púrúǹtù? Nígbà tí baálé ilé wa gbọ́ pé ìka ará Ìfọ́n wà níbẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín ìbínú.

"Ràímì, o ní ọ̀rọ̀ Japan ni; ìgbà wo ni Japan di ará Ìfọ́n? O ti ta ilẹ̀ wa."

"Ẹ pe tíṣà, kó kà á fún yín."

Tíṣà mi dé, ọmọ agboolé wa. Ó kà á dé ìsàlẹ̀. Ó mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ níbẹ̀. Ó wo ojú baálé, ó wo àwọn ọkùnrin tó dúró, ó ká ìwé náà.

"Ẹ má bínú, bàbá. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò yé mi tó."

Baálé fà á ya. Wọ́n gba oko Bàbá Bọ́mà. Nígbà tó kú, wọn ò jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Ìfọ́n wọlé wá kí wa.

Wọ́n ti fi orúkọ tíṣà yẹn sọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ní iléèwé wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé níbẹ̀, ó yẹ kí ẹ mọ̀. Iná mànàmáná ti dé, ọmọ Ìlobù àti ọmọ Ìfọ́n ti mọ̀wé. Ìjà ilẹ̀ ò tíì tán, àdó olóró sì ń pọ̀ sí i.

Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. Bàbá Bọ́mà ò dárúkọ ẹni tó bá a kọ ìwé, kí wọ́n má baà nà mí. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló yé mi. Mo dákẹ́.